Bẹ́ ẹ ṣe lè máa fi ìràwọ̀ mọ ìgbà, bíi tàwọn ará ayé àtijọ́

Tí wọ́n bá ní àwọn ará ayé àtijọ́ ń fi ìràwọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n máa gbin nǹkan àti ìgbà tí wọ́n máa kórè, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé awo kan ló wà níbẹ̀, tàbí pé ó dìgbà téèyàn bá ní ẹ̀rọ awò ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojú lásán ni wọ́n lò, wọ́n kàn mọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ni. Ìràwọ̀ tó ṣáà wà lókè ò sọ ìgbà kankan féèyàn, ọjọ́ tó kọ́kọ́ yọ padà lẹ́yìn tó ti sọnù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àti ọjọ́ tó tún fẹ́ wọlé lọ, ohun tí wọ́n ń ṣọ́ nìyẹn, ẹ̀yin náà lè ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé yín láìná kọ́bọ̀. Mẹ́ta péré ni màá lò níbí: Pleiades, ìyẹn ìdì ìràwọ̀ kéékèèké kan tó ṣù jọ, Orion, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ kan tó ní mẹ́ta tó tò láàárín, àti Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lálẹ́. Kò sí ibi tí Yorùbá ń gbé, yálà Ìbàdàn ni o, Kútọnú ni o, Lọ́ńdọ̀n ni o, tí wọn ò ti lè rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹnì kan lè ní ṣé òṣùpá ò tó ni. Kò tó o. Oṣù 12 tí wọ́n bá fi òṣùpá kà jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, ọdún tí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ń tẹ̀ lé sì jẹ́ ọjọ́ 365 àti díẹ̀, ìyẹn ni pé òṣùpá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sáré síwájú lọ́dọọdún. Ẹ wo ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ó máa ń bọ́ sínú òjò láwọn ọdún kan, tó bá yá ẹ ó rí i tó ti wọ inú ọyẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn fún ìsìn, àmọ́ àgbẹ̀ tó bá fi òṣùpá nìkan gbin àgbàdo á kàbùkù. Ìràwọ̀ kì í sáré bẹ́ẹ̀, ibi tó wà lásìkò yìí lọ́dún yìí náà ló máa wà lásìkò yìí lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ti Íjíbítì àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ torí tó bá ti yé yín, ìyókù ò ní nira. Láyé ìgbà yẹn, odò Náílì ló ń bọ́ gbogbo ilẹ̀ yẹn. Láàárín Júùnù sí Sẹ̀tẹ́ńbà òjò á rọ̀ gan-an lórí àwọn òkè ilẹ̀ Etiópíà, omi náà á ya wálẹ̀, Náílì á kún bo oko, á gbé ẹrẹ̀ dúdú tó lọ́ràá wá. Àmọ́ òjò ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Íjíbítì fúnra ẹ̀, torí náà ẹni tó wà ńbẹ̀ ò ní rí ìkùukùu tó máa kìlọ̀ fún un pé omi ń bọ̀. Ibẹ̀ ni Sirius ti wúlò fún wọn, àwọn ará Íjíbítì ń pè é ní Sopdet. Lọ́dọọdún ìràwọ̀ yìí máa ń sọnù fún nǹkan bí 70 ọjọ́ torí pé oòrùn wà lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á sì bò ó. Tó bá wá di Júláì, láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á rí i ní ìlà-oòrùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan péré kí ilẹ̀ tó mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni Náílì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Wọ́n wá pín ọdún wọn sí ìgbà mẹ́ta, olóṣù mẹ́rin-mẹ́rin: Akhet tí omi kún, Peret tí irúgbìn ń hù, Shemu tí wọ́n ń kórè.

Ó wù mí kẹ́ ẹ mọ èyí náà: kàlẹ́ńdà tí ìjọba wọn ń lò jẹ́ ọjọ́ 365 gbáko, wọn ò fi ọjọ́ kan kún un lẹ́yìn ọdún mẹ́rin bá a ṣe ń ṣe lónìí, torí náà ó ń yẹ̀ ní ọjọ́ kan lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, tó bá fi máa tó 100 ọdún ó ti yẹ̀ ní ọjọ́ 25. Oṣù tí ìwé ń pè ní oṣù omi kíkún á wá bọ́ sí ìgbà tí ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ìràwọ̀ yẹn ni ò yẹ̀. Lọ́dún 238 ṣáájú Kristi, Ptolemy Kẹta, ọba Íjíbítì, pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún un lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, àmọ́ àṣẹ yẹn ò múlẹ̀, ó dìgbà tí àwọn ará Róòmù dé kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, àgbẹ̀ tó bá ti mọ Sirius ò nílò àṣẹ ọba kankan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ wá ibi tójú ti lè rí ìlà-oòrùn dáadáa

Èyí ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ, torí pé ìsàlẹ̀ sánmà níbi tí ìràwọ̀ ti ń yọ lẹ máa wò jù. Òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dáa, etí òkun dáa, pápá ìṣeré dáa. Tó bá jẹ́ ìgboro lẹ wà, ẹ lo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará àdúgbò ò tíì máa dún, òkùnkùn ìgbà yẹn wúlò gan-an. Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi fóònù sápò, kẹ́ ẹ wá dúró fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí ojú yín lè mọ òkùnkùn yẹn lára, torí téèyàn bá wo fóònù lẹ́ẹ̀kan péré ojú á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ yan ọjọ́ tí òṣùpá ò sí lókè. Ẹ wá mú ohun kan tí kì í kúrò lójú kan tẹ́ ẹ ó máa fi ṣe àmì, òpó iná, orí òrùlé kan, igi ọ̀pẹ, máàsìtì, èyí tó bá ṣáà wà lápá ìlà-oòrùn.

2. Orion ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ má kọ́kọ́ máa wá Pleiades kiri, ó kéré, ẹ máa wá a tì. Orion ló rọrùn jù torí ó ní ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀ lé ara wọn, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn, orúkọ wọn ni Mintaka, Alnilam àti Alnitak, kò sí ibòmíì lójú ọ̀run tẹ́ ẹ ti máa rí mẹ́ta tó tò bẹ́ẹ̀. Bìgbànú Orion ni wọ́n ń pè é. Ìlà-oòrùn gangan ló ti ń yọ, ìwọ̀-oòrùn gangan ló sì ń wọ̀ sí, torí náà tí ẹ ò bá mọ ibi tí ìlà-oòrùn yín wà, òun náà á sọ ọ́ fún yín. Tó bá ń yọ bọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ó máa nàró, á sì fì díẹ̀, èyí tó wà lókè á wà lápá òsì yín, èyí tó wà nísàlẹ̀ á wà lápá ọ̀tún. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì: ìràwọ̀ kan tó pọ́n díẹ̀ wà lápá òsì, Betelgeuse nìyẹn, òmíì tó funfun tó mọ́ gbòò wà lápá ọ̀tún, Rigel nìyẹn. Àwọn ará Íjíbítì gbà pé Orion jẹ mọ́ Osiris òrìṣà wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Bíbélì náà ti bá a pàdé nínú ìwé Jóòbù orí 38 ẹsẹ 31, òun àti Pleiades ni wọ́n jọ dárúkọ níbẹ̀, ó fi hàn pé ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń wo àwọn méjèèjì pọ̀.

3. Ẹ gba orí bìgbànú yẹn lọ sọ́dọ̀ àwọn méjì tó kù

Ẹ fojú fa ìlà gba àárín àwọn mẹ́ta yẹn. Nígbà tó bá ń yọ bọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tẹ́ ẹ bá fà á lọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó máa gbé yín dé ọ̀dọ̀ Sirius. Tẹ́ ẹ bá fà á lọ sókè lápá òsì, ẹ máa kọ́kọ́ kan Aldebaran tó pupa rúsúrúsú, tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ máa rí ìdì kékeré kan tó ṣù jọ bí èéfín, Pleiades nìyẹn. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe jìnnà tó, ẹ na apá yín gbọọrọ, kẹ́ ẹ di ẹ̀ṣẹ́: ìbú ẹ̀ṣẹ́ yẹn jẹ́ nǹkan bíi dìgírì 10 lójú ọ̀run. Láti bìgbànú sí Sirius tó ẹ̀ṣẹ́ méjì àti díẹ̀, sí Aldebaran náà bẹ́ẹ̀, láti Aldebaran sí Pleiades ò tó ẹ̀ṣẹ́ kan àtààbọ̀. Ojú tó dáa máa ń rí mẹ́fà tàbí méje nínú Pleiades, àmọ́ ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Sirius ló mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ìràwọ̀ alẹ́, àmọ́ Àgùàlà mọ́lẹ̀ jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀, ayé bíi tiwa ni, ó ń yí oòrùn ká. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ ni pé Sirius máa ń ṣẹ́jú gan-an, á máa tàn yinrin-yinrin pàápàá tó bá wà nísàlẹ̀, Àgùàlà ní tiẹ̀ kì í ṣẹ́jú. Àwọn bàbá wa ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá ẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí torí ẹni tó sọ ọ́ ti fara balẹ̀ wò ó lálẹ́ tó pọ̀, ó rí i pé lọ́jọ́ kan ó sún mọ́ òṣùpá, lọ́jọ́ kejì kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn awakọ̀ ojú omi wa náà mọ Sirius, ìràwọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi í mọ̀nà lálẹ́. Àgùàlà ò ṣeé lò fún ìgbà, torí kì í padà síbi kan náà lọ́dọọdún.

4. Aago kan náà, ibi kan náà

Ohun tó ń mú kí gbogbo ẹ̀ ṣiṣẹ́ rèé. Lójoojúmọ́, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin yọ ṣáájú ìgbà tó yọ lánàá, torí pé ayé wa ń yí oòrùn ká, ibi tá a wà lónìí kọ́ la wà lánàá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lójúmọ́, wákàtí méjì lóṣù, wákàtí 24 lọ́dún, ló bá tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá wo sánmà ní aago 8 lónìí tẹ́ ẹ tún wò ó ní aago 10 lọ́la, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ọdún àti èyí tó jẹ́ ti alẹ́ yẹn. Ẹ mú aago kan. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n mú aago 8 alẹ́ torí nílẹ̀ Yorùbá ilẹ̀ á ti ṣú dáadáa nígbà yẹn ní gbogbo oṣù, kò sì tíì pẹ́ jù fún ọmọdé láti bá yín wò ó.

5. Ohun tẹ́ ẹ máa rí látòpin òjò dé ìbẹ̀rẹ̀ òjò

Ní àárín Nofẹ́ńbà, tí òjò ti ń dáwọ́ dúró, ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn ní aago 8 alẹ́, Pleiades á ti yọ, á fì sápá àríwá díẹ̀. Òun ló ń ṣíwájú àwọn mẹ́ta yìí. Ìgbà yìí ni sánmà mọ́ jù lọ́dún torí òjò ti fọ eruku kúrò, ọyẹ́ ò sì tíì dé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà yìí. Tó bá di àárín Disẹ́ńbà, ní aago kan náà, bìgbànú Orion á ti wà lókè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa fi ṣe ọdún tuntun tán, ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì Jánúárì, Sirius náà á ti jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà. Eruku ọyẹ́ lè bo ìsàlẹ̀ sánmà lásìkò yìí, tẹ́ ò bá rí Sirius lónìí ẹ ní sùúrù, ẹ dúró kó gòkè sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ìparí Fẹ́búárì, Orion á wà láàárín orí yín gan-an ní aago 8, ooru á ti mú, ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin nìyẹn. Látìgbà yẹn lọ gbogbo wọn á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ yí padà kẹ́ ẹ máa wo apá ibẹ̀ báyìí. Pleiades lá kọ́kọ́ sọnù, ní ìparí Épírì sí ìbẹ̀rẹ̀ Méè, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀. Kí Méè tó parí Orion náà á lọ, Sirius á tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ Júùnù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n, gúúsù lẹ máa wò láàárín Disẹ́ńbà sí Máàṣì, Sirius ò ní gòkè púpọ̀ lọ́dọ̀ yín, torí náà ẹ má dúró síbi tí ilé gíga wà níwájú.

6. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é bíi ti Íjíbítì, ẹ jí ní kùtùkùtù

Èyí le díẹ̀, àmọ́ òun ló dùn jù. Lẹ́yìn tí ìràwọ̀ bá ti sọnù ní ìwọ̀-oòrùn lálẹ́, ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Kẹ́ ẹ wá máa jí ní nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ kí oòrùn tó yọ, kẹ́ ẹ máa wo ìlà-oòrùn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ìyẹn lọjọ́ ọdún tuntun táwọn ará àtijọ́ ń dúró dè. Bẹ́ ẹ bá ṣe lọ sí àríwá tó ni Sirius máa pẹ́ tó kó tó yọ: láyé ìsinsìnyí, nílẹ̀ Yorùbá ó máa jẹ́ lẹ́yìn ìdajì Júláì, ní Káírò ó máa di ìbẹ̀rẹ̀ Ọ́gọ́ọ̀sì, ní Lọ́ńdọ̀n ó lè di ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì tàbí kó wọ Sẹ̀tẹ́ńbà. Ìṣòro tiwa nílé ni pé Júláì ni òjò ń rọ̀, ìkùukùu á bo gbogbo ẹ̀, ìdí tí mo fi fi ti alẹ́ ṣáájú nìyẹn. Àwọn ará Íjíbítì ò ní irú ìṣòro yìí, sánmà wọn mọ́ lásìkò yẹn.

Pleiades làwọn míì ń ṣọ́ láàárọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn Xhosa àti Zulu ń pè é ní isilimela, tó bá yọ ní kùtùkùtù ní Júùnù wọ́n mọ̀ pé ìgbà iṣẹ́ oko ń bọ̀, ọmọkùnrin Xhosa sì máa ń fi iye isilimela tó ti rí ka ọdún tó ti di ọkùnrin. Ní New Zealand, àwọn Maori ń pè é ní Matariki, ìjọba ibẹ̀ sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi gbogbo ìlú lọ́dún 2022. Hesiod, akéwì Gíríìkì kan tó gbé láyé ní nǹkan bí ọdún 700 ṣáájú Kristi, sọ fáwọn àgbẹ̀ ìlú ẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkórè tí Pleiades bá yọ, kí wọ́n túlẹ̀ tó bá ń wọ̀, ó tún ní ó máa ń sá pa mọ́ fún 40 ọjọ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni tàwọn àgbẹ̀ ọ̀dùnkún lórí òkè Andes, ní Pẹrú àti Bòlífíà. Ní Júùnù, wọn kì í kàn wò ó bóyá Pleiades yọ, wọ́n ń wo bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, tó bá ṣe bàìbàì wọ́n á sún ìgbà gbíngbìn síwájú torí wọ́n gbà pé òjò máa pẹ́. Lọ́dún 2000 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tẹ ìwádìí jáde pé òótọ́ wà níbẹ̀: lọ́dún tí El Niño bá ń bọ̀, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tójú ò lè rí máa ń wà lókè gan-an, òun ló ń mú kí ìràwọ̀ náà ṣe bàìbàì, òjò sì máa ń dín lọ́dún bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, ojú lásán, kò sí sátẹ́láìtì kankan.

7. Ẹ má gbára lé déètì inú ìwé àtijọ́

Ayé ń yí, àmọ́ ó tún ń fì díẹ̀díẹ̀, á tó nǹkan bí 26,000 ọdún kó tó fì yípo tán. Hipparchus ará Gíríìsì ló kíyè sí i láàárín ọdún 200 sí 100 ṣáájú Kristi. Nítorí ẹ̀, ọjọ́ tí ìràwọ̀ kan ń yọ nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn pírámíìdì kọ́ ló ń yọ báyìí, kódà ìràwọ̀ tó wà lápá àríwá tí kì í kúrò lójú kan nígbà náà ni Thuban, lónìí Polaris ni. Ohun tó fà á náà nìyẹn tí àwọn awòràwọ̀ fi ń sọ fẹ́ni tí wọ́n bí ní 25 Máàṣì pé Aries ni ìràwọ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú Pisces ni oòrùn wà lọ́jọ́ yẹn láyé ìsinsìnyí. Ẹ fojú ara yín wò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lè fi áàpù Stellarium sórí fóònù, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo sánmà, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí, kẹ́ ẹ tó ṣí i.

8. Ìwé tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí

Ìwé ọmọ iléèwé lásán ti tó. Déètì, aago, ibi tẹ́ ẹ dúró sí, ìràwọ̀ tẹ́ ẹ rí, ó ga tó ẹ̀ṣẹ́ mélòó lókè àmì tẹ́ ẹ mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀: òjò rọ̀, ọyẹ́ dé, wọ́n ti ń kọ ebè, iṣu tuntun ti wọ ọjà. Ẹ má fi apá yìí sílẹ̀ láìkọ, torí láìsí i ìràwọ̀ lẹ máa mọ̀, ẹ ò ní mọ ìgbà. Lọ́dún kejì ẹ máa rí i pé ẹ ti lè sọ ohun tó kàn kó tó dé.

Tí Orion bá ti ń wọlé lọ ní ìparí Méè, ẹ má pa ìwé yẹn dé. Lálẹ́ tí òjò bá dá díẹ̀, ní aago 8 kan náà, ẹ wo gúúsù ìlà-oòrùn, ẹ máa rí ìràwọ̀ pupa kan tó ń yọ bọ̀, Antares ni, òun ni ọkàn àkéekèé tí wọ́n ń pè ní Scorpius. Àwọn Gíríìkì ní àkéekèé ló ta Orion pa, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì kì í fi jọ wà lókè: bí èyí bá ń yọ, tọ̀hún ń wọ̀. Àkéekèé yìí lẹ máa kọ sínú ìwé yín láti Júùnù lọ, títí Pleiades á fi tún yọ ní aago 8 ní Nofẹ́ńbà.